Èèrù Tí Wọ́n Wọ̀n Kí Ọmọ Tó Ké

Obìnrin tó ń wá ra èèrù lọ́wọ́ Phebe Ọdúntán kò mú owó dání rí. Àríwó ló máa ń gbé wá fi ṣe pàṣípààrọ̀, odindi èso tútù tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, tí omi ṣì ń kán ní ìdí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lórí igi ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni Phebe ti ń ta èèrù níwájú ilé ọkọ rẹ̀, lójú ọ̀nà tó jáde ní Iléṣà lọ sí Ìwàrà, ó sì mọ̀ dáadáa pé àríwó kì í so nígbà ọyẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń gbà á. Ọlọ́jà ni, èmi ò sì tíì rí ọlọ́jà tó ń bi èso tó dára pé oṣù wo ló so.

Ìparí ọdún 1994 ni, nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun àwátì, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà kò sì tán nílẹ̀. Tábìlì Phebe kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọmọ kan ní àdúgbò náà tí kò mọ̀ ọ́n. Èèrù ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti yan lókè ààrò títí tó fi dúdú, tó sì gan bí ìka ọwọ́ arúgbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni hóró àríwó wà, àti èèpo awọ́pa tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, àti ìgbéré tí àsìkò rẹ̀ bá tó, àti gbòǹgbò èrùjú, ìtàkùn tí kò lè dá dúró láìfara ti igi ẹlòmíì.

Ọkọ rẹ̀, Cornelius, ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tísà ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì lè gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà kọjá kó má dá kíláàsì sílẹ̀.

"Ìyá Tómi, ṣé o mọ̀ pé ẹbí kan náà ni gbogbo nǹkan tí ò ń tà yìí? Èèrù, àríwó, awọ́pa, ìgbéré, títí kan èrùjú yìí tó jẹ́ ìtàkùn. Òdòdó wọn ni kí o wò. Ewé òdòdó mẹ́ta lóde, mẹ́ta nínú. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Abo òyìnbó tó wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́?"

"Ẹbí ni òun náà. Inú ọkọ̀ ojú omi ló bá dé ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹbí ni. Ká ṣáà pè é ní ìyàwó tí wọ́n lọ fẹ́ wá láti ìlú òkèèrè."

Phebe á ní kó lọ jókòó jàre, pé igi wo ló ń fẹ́ ìyàwó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì bí, Olúwatómisìn. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nílé ọkọ ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ Elisha tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, oyún kò sì dúró rí. Ẹ wo ọdún mọ́kànlá tí Phebe fi ń wọn èèrù fún ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ọmọdébìnrin tó bá Tómi ṣeré ni ìyá wọn ti wá ra èèrù tiwọn, àwọn mìíràn ti rà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà, nígbà tí oyún Tómi wọ oṣù kẹjọ, tí Elisha sì gbé e wá sí Iléṣà pé kó wá bí i lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Phebe kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Ikùn náà tóbi púpọ̀. Abẹ́ igi abo òyìnbó ni Tómi máa ń jókòó sí láti àárọ̀, á máa fi ṣíbí bu inú èso náà jẹ, á máa pariwo pé, "Yèyé mi, ó tún ti ń ta mí nípàá o!"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta èèrù láyé ìgbà náà. Èèrù ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ kí ikùn rẹ̀ lè mọ́, kí ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ lè jáde. Ìdí nìyẹn tí aboyún kò fi gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn ìyá tó kọ́ Phebe lọ́jà sì fún un ní òfin méjì. Ọmọ gbọ́dọ̀ ké kí wọ́n tó wọn èèrù ìyá rẹ̀. Tí a bá sì ń bu ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn, a óò pe orúkọ ìyá ọmọ lé e lórí pé, "Ti Lágbájá rèé, kí ikùn rẹ̀ ó mọ́." Àìmọye ìgbà ni Phebe ti sọ ọ́, tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ rú, ìfẹ́ ló sì jẹ́ kó rú u. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ṣa èèrù tó dára jù nínú ẹrù tuntun kan, ó yan án fúnra rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n sínú igbá kékeré onídèérí, ó sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀. Ti Tómi ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù, òun kò lè máa dúró de igbe ọmọ kí òun tó múra sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni obìnrin alárìíwó náà máa ń dé, nígbà tí oòrùn wà ní àárín orí, tí gbogbo èèyàn ti wọlé sùn. Phebe kò rí i kó ń bọ̀ rí. Ó kàn máa ń gbójú sókè ni, á sì ti dé. Àgbàlagbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ ara rẹ̀ rí bí èèpo igi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pupa rúsúrúsú bí ti ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bó awọ́pa. Òórùn kan máa ń tẹ̀ lé e, ó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù.

"Ẹ bá mi wọn èèrù," á wí jẹ́jẹ́. "Ti ìyá ọmọ ní ulé wa ni."

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Kí ni ká pe ìyá ọmọ?"

"Ẹ ṣáà máa wọ̀n ọ́n."

Phebe á sì sọ pé, "Ti ìyá ọmọ rèé, kí ikùn rẹ̀ ó mọ́." Obìnrin náà kì í dáhùn. Á gbé àríwó sílẹ̀, á gba èèrù, á lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, á tún dé. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi wà lẹ́nu èyí, títí Phebe fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá, ìyá ọmọ wo ló ń jẹ èèrù fún oṣù méjì? Àbí ẹ̀ ń bímọ lọ́jọọjọ́ ọjà ni?"

"Ẹbí wa pọ̀," ni obìnrin náà wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Wẹ́sídeè kan láàárín oṣù kejìlá, kò sí èèrù kankan lórí tábìlì. Ọkọ̀ tó máa ń kó o wá kò rí epo rà. Phebe ń fi aṣọ nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí tábìlì tó ṣófo nígbà tó gbójú sókè, obìnrin náà sì ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá, ó tán. Ó di ọ̀la."

"Ẹ wo inú ulé."

Títí di òní, Phebe kò lè sọ ìdí tó fi dìde. Ó ní ṣe ló dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni òun fi ń rìn. Ó wọ yàrá, ó mú igbá kékeré náà lẹ́yìn àpótí, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, òun á yan òmíràn tó dára jù ú lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Tómi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó jáde, ó ṣí igbá, ó ń bu èèrù náà sínú etí aṣọ tí obìnrin náà tẹ́. Nígbà tó kan ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ tó ti mọ́ lára ṣiṣẹ́ rẹ̀.

"Ti Tómi rèé, kí ikùn rẹ̀ ó mọ́."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Àṣẹ," ni obìnrin náà wí. Ó ká etí aṣọ rẹ̀, ó dì í ní kókó. Lọ́jọ́ náà, kò gbé àríwó kankan sílẹ̀. "Ẹ ṣé púpọ̀, àna wa."

Phebe dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, igbá òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó wọlé, Tómi ti jí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, àyà bùbá rẹ̀ tutù rinrin. Omi ọyàn ni. Phebe bi í bó ṣe ṣe é.

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹ ṣé, mà," ni Tómi dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tí kò pe ìyá rẹ̀ ní ohun mìíràn rí ju "Yèyé mi" lọ ló wá ń kí i bí àlejò. Láti ọjọ́ náà, kò pariwo mọ́ pé ọmọ ń ta òun nípàá. Kò lọ sábẹ́ igi mọ́. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, á kọjú sí ọ̀nà Ìwàrà, á máa mi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ lé itan. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá pè é, á dáhùn. Ẹ̀rù wá ń ba Phebe láti wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ tó bí.

Ó ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́, aládùúgbò wọn tó ti gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Fadékẹ́ gbé fèrè igi tó fi ń gbọ́ ọmọ inú lé ikùn Tómi, ó fi etí sí i. Ó gbé e kúrò níhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fa Phebe jáde.

"Ìyá Tómi, ọmọ yìí wà láàyè. Mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó jìnnà." Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu fèrè náà bí ẹni pé òun ló ní àìsàn. "Bíi pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn ní ulé kejì. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí wọ́n kọ sínú káàdì Tómi kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá lé e. Ilé ìwòsàn kò ní dókítà, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sì ní kí wọ́n máa lọ ilé, kí wọ́n ní sùúrù. Elisha wá láti Òṣogbo lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì bi ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé bóyá wọ́n ti pàrọ̀ ìyàwó fún òun ni. Ó fẹ́ fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀. Obìnrin alárìíwó kò wá mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, Phebe kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó jókòó ti Cornelius, ó sì tú gbogbo rẹ̀ fún un láti orí igbá dé orí "àna wa". Ó ń retí pé kó fi òun ṣẹ̀sín. Tísà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èèpo àríwó kan tó kù nílẹ̀, ó yí i padà sókè sódò.

"N kò mọ ohun tí mo gbà gbọ́, Ìyá Tómi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni mo ti rí àríwó tútù nígbà ọyẹ́ rí." Ó gbé èèpo náà sílẹ̀. "Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sínú igbó kan lẹ́yìn Ìwàrà. Gbogbo ẹbí yẹn ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró yí ara wọn ká bí agboolé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ń ka orúkọ wọn fún àwọn ọmọ. Mo ń pè wọ́n ní ẹbí." Ó fi ẹsẹ̀ ti èèpo náà sẹ́yìn. "N kò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́."

Orókún Cornelius kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà. Phebe nìkan ló lọ. Kó tó jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó rí Tómi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife ògì lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, mà," ni Tómi wí.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbé e dé Ìwàrà. Ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ó gba oko kòkó kọjá bí ọkọ rẹ̀ ṣe júwe. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ewé kòkó, wọ́n funfun bí ẹni fọ́n eérú lé wọn lórí. Nígbà tó yá, ó rí i pé ewé orí òun kò ní eruku mọ́. Wọ́n ń dán. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù sì wà níbi gbogbo.

Àwọn igi náà ló dúró níwájú rẹ̀. Èèrù ga, àwọn gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbéra. Awọ́pa dúró gbọọrọ. Òdòdó àríwó so rọ̀ lára okùn gígùn, ewé òdòdó mẹ́ta lóde, mẹ́ta nínú. Èrùjú ta láti orí igi kan dé òmíràn, aṣọ ọmọ kéékèèké sì wà lórí ìtàkùn náà níbi tí wọ́n sá wọn sí. Ní etí kan ni igi abo òyìnbó wà, àti ọ̀kan nínú àwọn igi gíga tí ewé wọn ń dà sílẹ̀ bí aṣọ, irú èyí tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ọ́fíìsì ìjọba. Ta ló gbin ìyẹn sí àárín igbó? Phebe rántí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láti òkèèrè. Ilé kan wà láàárín gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí igi parí sí, kò sì mọ ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wẹ ọmọ tuntun kan lórí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, àna wa," ló wí láìgbójú sókè. "A ti ń retí yín."

"Ọmọ ta nìyẹn?" ni Phebe bi í.

"Ọmọ tí ẹ wọn èèrù rẹ̀ kó tó ké. Ẹ pe orúkọ ìyá rẹ̀, a gbà á, a sè é, ìyá ọmọ sì jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó se ọbẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí." Ó bu omi sí orí ọmọ náà, kò sì ní ìkanra kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ó kù kí ìyá ìyàwó wọlé. Ẹ fọwọ́ sínú omi yìí, kí ẹ wọlé kí ìyá ọmọ. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká, ẹ máa gbé e lọ sí ulé yín. A kì í du àna."

Àwo omi kan wà níwájú ẹnu ọ̀nà, omi náà pupa rúsúrúsú. Phebe wo inú ilé. Tómi ló jókòó sórí ẹní níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ó rù díẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Yèyé mi!"

Ohùn yẹn! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Phebe ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ sáré wọlé. Ṣùgbọ́n Tómi wà ní Iléṣà, ó ń mu ògì lọ́wọ́ nígbà tí òun ń jáde. Èwo ni Tómi? Bí òun bá wọ inú ilé yìí, ṣé òun máa jáde? Bí òun bá gbé eléyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó wà nílé? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó sì rí i pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń mi omi náà. Ó ń mí. Ó ń wú, ó ń fà wálẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

Kí n má tan yín jẹ, ẹ̀rù ló bà á. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì sá. Ó gbọ́ "Yèyé mi" lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èémí ara rẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù nígbà tó dé ojú ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sì gbọ́ orin. Àwọn aládùúgbò kún iwájú ilé. Cornelius dúró pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láàárín wọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti bí i, Ìyá Tómi! Obìnrin ni!"

Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ nìkan ni kò bá wọn kọrin. Ó fa Phebe sí kọ̀rọ̀.

"N kò gbẹ̀bí kankan," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Lẹ́yìn ọ̀sán díẹ̀, mo gbọ́ tí Tómi ké lẹ́ẹ̀kan, mo sáré wọlé, ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ́ ọmọ náà ti ń gbẹ. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ pàápàá." Ó wo ojú Phebe. "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Phebe ní òun kò mọ̀. Nígbà tí Cornelius sì bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ló rí nínú igbó, ó ní igi lásán ni. Kò parọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí nínú ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kí ni ì bá sọ? Ọmọ ti dé, ìyá wà láàyè, ikùn Tómi ti wálẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun rí lọ́hùn-ún, ojú lásán ni, pé ọgbọ́n ló jẹ́ bí òun ṣe sá. Ọjọ́ méje ló fi sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Tómi ń sùn, ó ń jí, ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí Phebe bá yà sí nínú yàrá náà, ojú Tómi máa ń bá a lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti to àga sí iwájú ilé. Pásítọ̀ ti dé. Elisha wọ agbádá tuntun, ó ń kí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìmísíolúwa ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ. Phebe wọlé láti wá gbé e jáde, ó bá Tómi tó ń wọ aṣọ funfun fún un.

"Yèyé mi," ni Tómi wí.

Phebe dúró.

"Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì." Tómi kò gbé ohùn sókè. Ó ń so okùn fìlà ọmọ náà. "Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ lọ pe èèyàn wá ni. Mo dúró títí oòrùn fi kúrò lórí ilé."

"Tómi, ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. N kò bínú sí yín." Ó gbé ọmọ náà lé èjìká. "Màmá náà ní ohun tí ọwọ́ ẹni bá ká lèèyàn lè gbé jáde. Ara mi ò tíì le, Yèyé mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé èyí."

Phebe ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ dé. Ọkùnrin ni. Ọwọ́ tiyín ló yẹ kó gbé e."

Lóde, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn. Phebe jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri yàrá, ó ní òun ń lọ báyìí, òun á tọrọ, òun á kúnlẹ̀, òun á fọwọ́ sínú omi náà dé ìgúnpá, wọ́n á fún òun.

"Yèyé mi, òní lọjọ́ kẹjọ," ni Tómi wí. "Wọ́n ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀ náà. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórúkọ, tiwọn ni."

Elisha kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin àti ọmọ nìkan la ń dúró dè o!"

Tómi gbé ọmọ, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde sínú orin náà. Phebe fa ọ̀já kan lórí okùn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ ìmúròde ló wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló rí wọ̀. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà Ìwàrà, oòrùn ti ń gòkè, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bó ṣe ń sáré ló ń wá orúkọ ọkùnrin kan nínú orí rẹ̀, orúkọ tí yóò pe ọmọ náà kí wọ́n tó pè é ní tiwọn. Kò sí ọ̀kan tó wá sí i lọ́kàn.